Àwọn tí wọ́n fi kámẹ́rà wo ìdọ̀tí ìlú: ìrírí láti Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Láti Ilé-Ifẹ̀:

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà tó mú ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ìlú ní òkúnkúndùn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù lọ ni Mierle Laderman Ukeles, obìnrin ará Amẹ́ríkà. Ní 1969, lẹ́yìn tí ó ti di abiyamọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni ilé gbígbá, aṣọ fífọ̀ àti ọmọ títọ́. Láti 1977 ni ó ti ń bá ẹ̀ka tó ń kó ìdọ̀tí ìlú New York ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù. Láàárín 1979 sí 1980, ó wá àwọn òṣìṣẹ́ náà, tí wọ́n tó 8,500, kàn níbi iṣẹ́ wọn, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dúpẹ́ pé àwọn ni wọn kò jẹ́ kí ìlú náà kú.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ ṣe fíìmù kékeré lórí pàntí àdúgbò Lágere, gọ́tà ni wọ́n fẹ́ kọjú kámẹ́rà sí. Mo ní kí a kọ́kọ́ lọ kí àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ títì. A bá wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, a kí wọn kú iṣẹ́. Ìyá kan, tí ó ti rò pé wọ́n rán wa wá ṣọ́ òun ni, gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá wo nǹkan.” Ó fi hàn wá pé àwọn a máa gbá yanrìn àti ọ̀rá omi jọ sí etí títì, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ akólẹ̀ bá pẹ́ kí ó tó dé, tí òjò sì rọ̀, gbogbo rẹ̀ a tún wọ́ lọ sínú gọ́tà. Gọ́tà tí gbogbo wa gbà pé àìgbálẹ̀ ló dí i, ohun tí wọ́n ti gbá tẹ́lẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni a fi ṣe fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. (Ní ìlú tí àwọn baba ńlá wa ti fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ ojú ọ̀nà, èyí tí ìtàn so mọ́ Ọọ̀ni Lúwo, ó dùn mí pé ohun tí a bá ti lò tán kò níye lórí lójú wa mọ́.)

Láti Iléṣà:

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, olùkọ́ wa. Omi ni èmi fi kámẹ́rà yà ní tèmi. Zina Saro-Wiwa, tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà tó sì tún ń ṣe fíìmù, ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe. Nínú iṣẹ́ kan tí ó ṣe ní 2015, àwọn eléégún Karikpo ń tàkìtì lórí ilẹ̀ Ògóni níbi tí páìpù epo rọ̀bì gbà kọjá, kò sì sí ẹni tó ń wàásù fún òǹwòran. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe bẹ ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa pé kí wọ́n rìn lẹ́bàá odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, kí wọ́n máa dárúkọ ẹja tí wọ́n ń rí pa níbẹ̀ nígbà èwe wọn, títí a fi dé ẹ̀yìn ilé mẹkáníìkì, níbi tí ọ́ìlì dúdú ti bo ojú omi.

Aṣọ funfun ni a ta sí àgbàlá tí a fi wo fíìmù náà lálẹ́. Ọ̀gá mẹkáníìkì wà níbẹ̀. Kò bínú, ó kàn béèrè pé níbo gan-an ni kí òun máa da ọ́ìlì tí òun ti lò sí. Káfíńtà tó jókòó tì í ló dá a lóhùn pé òun máa ń fi irú rẹ̀ kun igi òrùlé nítorí ikán, kí ó máa bu ú sínú kẹ́ẹ̀gì fún òun. Ìyẹn ti ń lọ bẹ́ẹ̀. Pàntí tó ń ti ọjà ṣàn wọ odò náà ni kò tíì dín kù, mo sì fẹ́ ṣe fíìmù kejì lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé kámẹ́rà wọ ọjà rí, ẹ jọ̀wọ́, kí ó sọ bí ó ṣe bá àwọn ìyálọ́jà sọ ọ́ tí wọ́n fi gbà.