Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ Java: ibo ni if ti jẹ́ kí ojú yín rí màbo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo máa ń ran àwọn ọmọ ọdún kìíní lọ́wọ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan. Java, èdè tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù, ni wọ́n ń kọ́. Tí wọ́n bá ti dé orí if (ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé bí nǹkan kan bá jẹ́ òótọ́, kí kọ̀ǹpútà ṣe báyìí), iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń fún wọn ni prógíráàmù tó máa gba máàkì, tó sì máa sọ gíréèdì. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: 70 sókè ni A, 60 ni B, 50 ni C, 45 ni D, 40 ni E, ìyókù di F.

Ọmọbìnrin kan pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà yìí kórìíra mi. Mo fún un ní 85, ó ní E ni mo gbà." Mo wo ohun tó kọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí Java lè torí ẹ̀ bá a wí. `if (maki >= 40)` ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá ń fi else (bí bẹ́ẹ̀ kọ́) gòkè lọ: `else if (maki >= 45)`, títí dé 70. Ṣé 85 ò ju 40 lọ ni? Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó ṣí ni Java wọ̀, kò sì yẹ èyí tó kù wò mọ́. Bí gbogbo ẹni tó yege ṣe di ọlọ́jà E nìyẹn.

Mi ò sọ fún un. Mo ní kó mú bírò, kó kọ 85 sórí ìwé, kó máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ true (òótọ́) tàbí false (irọ́) sí iwájú ẹ̀. Kò tíì kúrò ní ìlà àkọ́kọ́ tó fi bú sẹ́rìn-ín. Ó tò ó padà láti 70 wá sí 40, ó parí.

Ti ẹni tó jókòó tì í tún burú ju ìyẹn lọ: ẹni tó gba 12 náà ń gba A! Ó kọ `if (maki >= 70);`, ó wá kọ ìlà tó ń tẹ A jáde sí abẹ́ ẹ̀. Semicolon yẹn ti pa if náà dé, A wá di ti gbogbo ayé. Ká ní ó tiẹ̀ fi else sí i ni, Java ì bá ti pariwo pé else yìí ò ní if.

Ẹ sọ ti yín.

—

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. C, èdè kọ̀ǹpútà míì, ni wọ́n fi kọ́ èmi ní poli. Ní C, `if (x = 5)` máa kọjá, á sì máa jẹ́ òótọ́ ní gbogbo ìgbà, torí pé = kan ṣoṣo ń fi 5 sínú x ni, == ló ń fi nǹkan wéra. Java ò gbà á, torí pé int (nọ́ńbà) ò lè dúró sí ipò boolean (true tàbí false). Àwọn kan wá rò pé àwọn ti bọ́. Wọn ò tíì bọ́ o. Tí nǹkan náà fúnra ẹ̀ bá jẹ́ boolean, `if (oSanwo = true)` á kọjá wẹ́rẹ́, gbogbo oníbàárà á sì ti sanwó. Mo bá a nínú kóòdù tí ẹnì kan fi sílẹ̀ fún wa níbi iṣẹ́. `if (oSanwo)` ti tó, ẹ yéé kọ `== true`.

—

Àbúrò mi pè mí láti Ìlọrin lóru. Prógíráàmù ẹ̀ ń béèrè ìbéèrè, ó ń tẹ beeni, kò sì gbọ́. `if (idahun == "beeni")` ló kọ. Ohun tó dà á láàmú ni pé nígbà tó kọ "beeni" méjì sínú kóòdù, tó fi == wé wọn, true ló rí. Ẹyọ kan ni Java tọ́jú fún àwọn méjèèjì yẹn. Èyí tí Scanner gbà láti orí kíbọ́ọ̀dù, tuntun ni, == ò sì wo lẹ́tà, bóyá nǹkan kan náà gan-an ni ló ń wò. `"beeni".equals(idahun)` ni kí ẹ kọ. Bí idahun bá tiẹ̀ jẹ́ null (tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀), kò ní dojú dé.

—

Ti String, ìyẹn ọ̀rọ̀ bíi "beeni" yẹn, ṣì rọrùn. Ẹ wá wo Integer! Kóòdù kan ń fi iye ọjà inú ìwé wé iye tó wà lórí àtẹ. Wọ́n fi 5 dán an wò, wọ́n fi 100 dán an wò, ó dáa. Nígbà tó dé ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù tó ní 300, ó ní 300 kì í ṣe 300. Integer, tó ń di nọ́ńbà sínú àpótí, ni wọ́n lò dípò int, tó jẹ́ nọ́ńbà lásán; àpótí ni == ń wò. Láti -128 dé 127, Java ti ní wọn nílẹ̀, ẹyọ kan náà ló ń fà yọ. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń ṣe tuntun, == á sì di false. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù ló ń purọ́.

—

Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Kí ló dé tí `18 <= ojoOri <= 35` ò gbà?

—

Àbúrò, Java á kọ́kọ́ yanjú apá òsì, á di true tàbí false. Báwo ló ṣe wá fẹ́ fi true wé 35? Kọ ọ́ báyìí: `ojoOri >= 18 && ojoOri <= 35`. Àmì àárín yẹn ni "àti". Má fi || ("tàbí") sí i o, ọmọ ọdún 3 náà á wọlé.