"Ojú mi ṣì dá": ẹ wá sọ ìrírí yín lórí ọtí àti ọkọ̀ wíwà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Òde ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi kan la lọ ní Bódìjà. Ìgò ọtí dúdú ńlá méjì ni mo mu, mo jẹun yó, mo jó títí mo fi làágùn. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún mi." Mo ní, "Tìtorí ìgò méjì? Ojú mi ṣì dá." Mo tiẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan dúró kó lè rí i.

Mo wa ọkọ̀ dé Àkóbọ̀. Lójú tèmi, n ò tíì wakọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí: jẹ́jẹ́ ni mò ń lọ, mo fi ọwọ́ méjèèjì di sitíárìn mú pinpin. A délé, mo ń yangàn. Ìyàwó mi ò fọhùn, ó kàn nawọ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Tiráfíkétọ̀ apá ọ̀tún ń ṣẹ́jú, ó ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Láti Baṣọ̀run ló ti ń dún! Ó ní òun pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ń dá a lóhùn "ẹ̀n-ẹ́n", n ò sì pa á. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ti sùn lọ lẹ́yìn ọkọ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí títí dòní ni pé n ò purọ́ fún un. Ó dá mi lójú. Ọpọlọ tí mo fi ń yẹ ara mi wò, òun gan-an ni ọtí kọ́kọ́ mú.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Awakọ̀ dánfó tẹ́lẹ̀:
Ọ̀gá mi, ọdún 11 ni mo fi wa dánfó. Ní gáréèjì wa, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti ń mu páraga, ife kékeré kan "kí ara lè le". Bí a ṣe ń lọ tí à ń bọ̀ láyọ̀, a gbà pé kò ṣe wá ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, ọmọ iléèwé kan já lu títì níwájú mi. Mo rí i kedere, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ló pẹ́ kó tó dé búréèkì. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Mo bọ́ sílẹ̀, mò ń bá a ṣa ìwé rẹ̀ ní títì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. N ò mu páraga mọ́.

Ará London:
Tèmi, tákísì ni mo wọ̀ kúrò lóde lóru Sátidé, mo rò pé mo ti gbọ́n. Mo sùn, mo fi omi tútù wẹ̀, mo mu kọfí, mo wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀. Ọlọ́pàá dá mi dúró. Ní àgọ́ wọn, mo fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó kéré jù ni wọ́n lò: 41, ìyẹn máíkírógíráàmù ọtí nínú mìlílítà 100 èémí. Níbí, 35 ni òfin gbà. Oṣù 12 ni wọn ò fi jẹ́ kí n wakọ̀.

Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ ọtí kúrò lára, bíi unit kan (ìyẹn mìlílítà 10 ògidì ọtí) ní wákàtí kan, kò sí kọfí tó lè mú un yá. Bọ̀dá mi, bí ìgò yín bá jẹ́ 60cl, tí ọtí náà sì jẹ́ 7.5%, unit 9 lẹ mu yẹn.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:
Unit 9! Àṣé ọwọ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó kúrò lára mi. Báyìí, kí a tó jáde nílé ni mo ti ń kó kọ́kọ́rọ́ fún ìyàwó mi, nígbà tí mo ṣì lè gbà fún un.