Mò ń rí ẹja barbel nínú odò àmọ́ wọn ò jẹ ìdẹ mi, ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin ọ̀gá nídìí ìwọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀ dẹ barbel, ẹja odò onírùngbọ̀n yẹn, ni o, odò yẹn wá mọ́ kedere bíi gíláàsì, ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn torí mò ń fojú ara mi rí wọn, márùn-ún mẹ́fà, wọ́n kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, wọ́n ń fi irùngbọ̀n wọn tú ìdí òkúta wẹ́wẹ́, àmọ́ tí mo bá ti ju ìwọ̀ báyìí, fìrì, gbogbo wọn ti wọ abẹ́ koríko omi. Ṣé òjìji mi ni wọ́n ń rí ni àbí okùn? Mo lo ekòló, ẹja kéékèèké ló jẹ ẹ́ tán. Ẹnì kan ní kí n kọ́kọ́ máa da ìdẹ sómi fún bíi wákàtí kan láìju ìwọ̀ rárá, kí n wá dúró di ìrọ̀lẹ́, ṣé òótọ́ ni? Òjé tí wọ́n ń so mọ́ okùn ńkọ́, ṣé kó wúwo kí okùn lè sùn sílẹ̀ dáadáa? Tí mo bá sì rí ọ̀kan mú (àdúrà ni), mo fẹ́ dá a padà ni, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti mí délẹ̀ kí n tó yọwọ́ lára ẹ̀?