Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀ kó tó bá ọkọ mi sọ̀rọ̀

Ìyá Ìbejì, Saitama, Japan:
Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Wọ́n dá bàbá àwọn ọmọ mi dúró sí ọsibítù láti ọjọ́ Ajé. Lánàá, dókítà pè mí sí yàrá kékeré kan, ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó wá bi mí bóyá kí òun sọ fún wọn àbí kí òun má sọ. Ṣé ara wọn kọ́ ni? Wọ́n tún ní kí n mú onídùúró wá, mi ò sì ní ẹbí kankan níbí.

Bọ̀dá Délé, Osaka:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Nọ́ọ̀sì ni mí, dókítà yẹn ò fojú tẹ́ńbẹ́lú yín rárá. Ní Japan, ẹbí ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ sọ irú rẹ̀ fún tipẹ́tipẹ́. Lójú tiwọn, ẹrù ni ìròyìn burúkú, kò yẹ kí aláìsàn nìkan rù ú. Láti 1997 ni òfin ti ní kí oníṣègùn ṣàlàyé títí yóò fi yé aláìsàn, ọ̀pọ̀ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, àmọ́ àṣà ò tíì kúrò nílẹ̀. Bí bàbá bá fẹ́ mọ̀, ẹ wí fún dókítà pé: "Honnin ni hanashite kudasai." Kó bá ẹni tó ni ara sọ ọ́ ni.

Àǹtí Bùkì, Nagoya:
Ti onídùúró, ẹ má sunkún. Láti 2018 ni ìjọba ti sọ ọ́ pé àìní onídùúró nìkan kò tó kí ọsibítù tìtorí ẹ̀ kọ aláìsàn. Ẹ wá yàrá ìmọ̀ràn tí wọ́n ń pè ní "sōdanshitsu" nínú ọsibítù, wọ́n á bá yín wá ọ̀nà. Bí mo ṣe bímọ níbí láìní ẹnìkan nìyẹn.

Bọ̀dá Délé:
Ó ku ọ̀kan, òun ló sì ká mi lára jù. Ọdún 2018 yẹn kan náà ni ìjọba fún irú ìjíròrò yìí lórúkọ, "jinsei kaigi": aláìsàn, ẹbí àti dókítà á jókòó, wọ́n á sọ irú ìtọ́jú tí aláìsàn fẹ́ àtèyí tí kò fẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò sí òfin tó fún ìwé tí èèyàn nìkan kọ nípa ìtọ́jú tó fẹ́ lágbára níbí. Bí aláìsàn ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹbí ni wọ́n á bi léèrè ohun tí ì bá fẹ́. Kí bàbá fẹnu ara wọn sọ ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti bá wọn sọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ gan-an, wọ́n wá ní kí n pe dókítà, kí n sì jókòó ti àwọn. Ọ̀la ni, agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ta ló gbọ́ èdè wọn dáadáa nítòsí?

Ìyá Dàmọ́lá, Kawaguchi:
Mo ń bọ̀ mà. Ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ọsibítù ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.