Django àbí FastAPI, èwo ni kí n fi kọ API mi?
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Mò ń kọ API kan (ètò tí áàpù orí fóònù á máa bá sọ̀rọ̀ láti gba dátà), Flask, tóun náà jẹ́ irinṣẹ́ Python bíi Django àti FastAPI, ni mo fi bẹ̀rẹ̀ torí kò le, fáìlì kan péré ó ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ báyìí tó ti ń tóbi, gbogbo nǹkan ni mò ń fọwọ́ ara mi so pọ̀. Lánàá ẹnì kan kọ "ogún" síbi tó yẹ kó kọ 20, kóòdù mi gbà á wọlé, ìgbà tó fẹ́ ṣírò ló dákú, 500 (àṣìṣe láti ọ̀dọ̀ sáfà) lẹni yẹn rí. Mo wá dán FastAPI wò, mo kàn kọ ọ́ pé int (nọ́ńbà odidi) ni mo fẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló fi 422 (pé ohun tí wọ́n kọ ò bá a mu) dá a padà, ó tún sọ ibi tí àṣìṣe wà, ó wù mí gan-an ni! Ṣùgbọ́n Django ní admin (ojú ewé tí mo ti lè ṣàkóso dátà), ORM (tó ń jẹ́ kí n fi kóòdù Python bá database sọ̀rọ̀) àti migration (tó ń bá mi yí ètò database padà) nínú, FastAPI ò ní ìkankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì, tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mò ń ṣe é, tó sì jẹ́ PostgreSQL (database mi) ni API náà ń bá sọ̀rọ̀ jù, ṣé async ti FastAPI yẹn (kó máa ṣe iṣẹ́ mìíràn nígbà tó bá ń dúró de èsì) máa ràn mí lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ ṣeun.