Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ tó bá ti ilé bàbá rẹ̀ dé

Màmá Tófúnmi: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti bàbá ọmọ mi ti pínyà. Ọmọ ọdún 4 ni. Tó bá ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ dé, á kàn lọ jókòó sẹ́yìn àga, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bàbá rẹ̀ kì í lù ú o, eré ìjàkadì ni wọ́n máa ń ṣe. Ṣé kí n dín lílọ rẹ̀ kù?

Bọ̀dá Tíṣà: Ẹ má dán an wò, mà! Nínú eré ìjàkadì yẹn lọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ dúró tẹ́nì kejì bá ní ó tó. Láti nǹkan bí 1977 ni Michael Lamb, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ọmọdé, ti fi hàn pé ọmọ ọwọ́ máa ń fà mọ́ bàbá bó ṣe ń fà mọ́ ìyá. Ó lè jẹ́ àárò ló ń sọ ọ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Báwo lẹ ṣe ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà? Tẹ́ ẹ bá ń dijú mọ́ra yín, ó ń rí yín. Ìjà òbí sábà máa ń da ọmọ láàmú ju ìpínyà gan-an lọ.

Màmá Tófúnmi: A kì í kíra wa, báàgì nìkan la máa ń nà síra. Òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ o! Ṣùgbọ́n ti àárò yẹn wọ̀ mí létí. Ní Sátidé, màá jẹ́ kó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù kó tó sùn.