Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi: ṣé kí n gun kẹ̀kẹ́ láti Land's End dé John o' Groats?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mọ́kànlá ti kógbá sílé, wọ́n sì ti san owó ìdádúró fún gbogbo wa. Ọmọ ọdún 44 ni mí, mo ti gba ìwé ọmọ onílùú, ìyàwó mi ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ sì ti ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi láti gùn ún láti Land's End, níbi tí ilẹ̀ Cornwall ti parí sínú òkun, títí dé John o' Groats ní ìpẹ̀kun àríwá Scotland. Ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó sọ pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣeré kiri, iṣẹ́ ló ń wá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara, ṣùgbọ́n bí mo bá tún wọ iṣẹ́ mìíràn, mi ò mọ ọ̀gá tí yóò yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko fún mi. Kí ni ó yẹ kí n tò kí n tó gbéra, ṣé gúúsù ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀ ni tàbí àríwá?

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba ni mo ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lé lórí, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Tún ìṣirò owó ìdádúró rẹ wò: òfin ní kí wọ́n san owó ọ̀sẹ̀ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí o fi ṣiṣẹ́ láti ọmọ ọdún 22 sí 40, kí ó sì di ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ fún àwọn ọdún tí o ṣe lẹ́yìn tí o pé 41. Ìjọba kì í gba owó orí lórí £30,000 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó ti san National Insurance rẹ̀ (owó tí wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ wa fún ìjọba) bó ṣe yẹ lè gba New Style Jobseeker's Allowance, owó ìrànwọ́ fún ẹni tó ń wá iṣẹ́, fún oṣù mẹ́fà, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè iye tó ní ní báńkì. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbà á gbọ́dọ̀ máa wá iṣẹ́ déédéé, kí ó sì wà ní ìmúrasílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn òkè Scotland kò lè fi òótọ́ inú sọ. Lọ ná, kí o wá kọ orúkọ sílẹ̀ nígbà tí o bá dé. Má gbọ́kàn lé Universal Credit, owó ìrànwọ́ fún àwọn tí owó wọn kò tó gbọ́ bùkátà, nítorí pé tọkọtaya tí owó ìfipamọ́ wọn bá ju £16,000 lọ kò lè gbà á.

Fún àwọn mìíràn tó ń kà á: bí ó bá jẹ́ Skilled Worker visa, ìyẹn físà tó so mọ́ agbanisíṣẹ́ yín, lẹ fi wà níbí, ẹ gbàgbé kẹ̀kẹ́ ná. Ọjọ́ 60 ni Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà, sábà máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi wá agbanisíṣẹ́ tuntun.

Bàbá Dámilọ́lá, Glasgow:
Ẹ̀gbọ́n, gúúsù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ nílẹ̀ yìí, yóò sì máa tì yín lẹ́yìn. Ojú títì ńlá jẹ́ nǹkan bíi máìlì 874, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yà fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gùn tó 1,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ọjọ́ 10 sí 14 gùn ún, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fún yín láyè láti sinmi.

Cornwall àti Devon ló le jù, kì í ṣe Scotland bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àwọn òkè ibẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n wọ́n dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: ẹ ó pọ́n ọ̀kan tẹ̀míntẹ̀mín, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò kékeré kan, òmíràn yóò sì ti dúró dè yín lẹ́yìn afárá, kí ẹsẹ̀ yín tó balẹ̀. Ẹ fi jíà tó rọrùn láti fi gun òkè sí kẹ̀kẹ́, ẹ má sì ju máìlì 40 lọ lójúmọ́ níbẹ̀. Ní ti oúnjẹ, gààrí Ìjẹ̀bú, mílíìkì oníyẹ̀fun àti ẹ̀pà nínú ọ̀rá kan kò wúwo, omi tútù nìkan ló sì kù tí ẹ ó fi kún un ní Sutherland, ní àríwá Scotland, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti jìnnà síra.

Bí ẹ bá fẹ́ pàgọ́, òfin ọdún 2003 gbà yín láyè ní ibi púpọ̀ ní Scotland, ṣùgbọ́n ní England, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ lọ ní oṣù Karùn-ún kí kantíkantí tó pọ̀ létí odò. Ẹ tètè gba àyè kẹ̀kẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Penzance, nítòsí Land's End, àti èyí tó ń bọ̀ láti Wick, nítòsí John o' Groats, nítorí pé àyè náà kò pọ̀ rárá.

Adéọlá, Bristol:
Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n yín níbì kan. Ẹ kọ ìwé ìtàn iṣẹ́ yín kí ẹ tó lọ, nígbà tí ohun tí ẹ ṣe ṣì wà lọ́kàn yín, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀gá yín àtijọ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó fọ́nká. Ó ṣòro láti rí ẹni tí yóò kọ ọ́ lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ bá ti kógbá sílé tán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Oṣù Karùn-ún ni n ó lọ, n ó sì pe ọ̀gá mi àtijọ́ ní ọ̀la. Fífẹ̀ táyà kẹ̀kẹ́ mi jẹ́ mìlímítà 25, ṣé ó lè gbé ẹrù àgọ́?

Bàbá Dámilọ́lá, Glasgow:
Ó tín-ín-rín jù, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi 32 sí i bí àyè bá wà láàárín fọ́ọ̀kì, kí ẹ sì di èyí tó wúwo nínú ẹrù náà sí ìsàlẹ̀.